Òwò Abọ́ Láàárín Orílẹ̀-Èdè Méjì

Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ kò gbà pé ọ̀fẹ́ wà láyé. Ọ̀rọ̀ tó fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọọdún nìyẹn, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ di aṣojú Nàìjíríà lókè òkun, tí ó ń kọ́ ní ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Kàdúná. “Bí orílẹ̀-èdè kan bá na nǹkan sí yín,” ni yóò wí, “ẹ wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kejì ń gbà.”

Síbẹ̀, ọ̀fẹ́ ló ń jẹ. Láti ìgbà tí Tèmidire aya rẹ̀ ti kú, Hàjíyà Hàúwà, opó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ ní àdúgbò Trikania, ló ń gbé abọ́ túwó wá fún un nírọ̀lẹ́. Lákòókò ọ̀wọ́n epo yẹn, òórùn ilé ìfọpo ló máa ń dé àdúgbò wọn kí kẹrosíìnì tó dé, ṣùgbọ́n igi ni Hàjíyà fi ń dáná. Ọmọ Ìlọrin ni, Kàdúná ni wọ́n bí i sí. Yóò kanlẹ̀kùn, yóò sì fi Hausa béèrè bóyá ó wà nílé: “Málàm, kana nan?”

“Mo wà, mà.”

Kò sí ohùn ènìyàn mìíràn tó ń wọ ilé náà.

Ìyá Bádéjọ, ọmọ míṣọ́n, ti kọ́ ọ pé ọmọlúàbí kì í dá abọ́ padà lófìfo. Bádéjọ wá fi ọrọ̀ ajé kún ẹ̀kọ́ ilé. Bó bá ti jẹun tán, á fojú díwọ̀n túwó, á fojú díwọ̀n ẹran, á sì bu ṣúgà tó bá a dọ́gba sínú abọ́. Ilẹ̀ kì í ṣú kí abọ́ tó padà délé ẹni tó ni ín. Bí ẹran bá pọ̀ sí i, ọṣẹ a tẹ̀ lé ṣúgà.

Ètò náà wù ú débi pé ó fi kọ́ kíláàsì. “Orílẹ̀-èdè Túwó mọ oúnjẹ sè. Orílẹ̀-èdè Ṣúgà kò mọ̀ ọ́n. Kí kálukú mú èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹnì kejì ní nǹkan kan.”

Edith, ọmọ Kogi tó máa ń jókòó níwájú, nawọ́ sókè. “Sà, ṣé orílẹ̀-èdè Túwó sọ pé òun fẹ́ ṣúgà?”

Kíláàsì rẹ́rìn-ín.

“Ẹni tó bá gbà á, ó fẹ́ ẹ nìyẹn,” ni Bádéjọ wí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn kò dún. Lọ́jọ́ kejì, kò dún. Bádéjọ rẹ gààrí, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó rò ó síwá sẹ́yìn, ó parí èrò sí pé ohun tí òun ń san ló kéré. Ó ra páálí ṣúgà kan odindi, ó gbé e kọjá títì.

Hàjíyà ń koná mọ́ ìdí ìkòkò. Ó wo páálí náà. “Málàm, ṣé mo kọ ọ́ sára ògiri pé mò ń ta oúnjẹ ni?”

“Rárá, mà.”

“Àbí o rí bẹ́ńṣì oníbàárà níbí?”

“Ìyá mi ló kọ́ mi pé—”

“Ìyá tèmi náà kọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà ayé ìyàwó rẹ, abọ́ mi máa ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí mo bá wá a lọ, a ó jókòó, a ó jọ sọ̀rọ̀ ayé. Ìwọ, kí n tó fọwọ́ mi, o ti san tán. Kí ni mo tún ń wá lọ sílé ẹni tó san tán?”

Bádéjọ wo páálí tó gbé dání.

“Ilé náà dákẹ́ jù, mà,” ló wí nígbẹ̀yìn.

Hàjíyà bu túwó sínú abọ́, ó gbé e lé orí páálí ṣúgà tó wà lọ́wọ́ Bádéjọ. “Máa gbé ṣúgà rẹ lọ. Fi mu kókó.”

Lálẹ́ náà, Bádéjọ fọ abọ́, ó sì dojú rẹ̀ dé sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí Tèmidire máa ń dé e sí. Abọ́ náà sùn síbẹ̀ títí ilẹ̀kùn fi dún nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

“Málàm, abọ́ mi dà?”

Bádéjọ, ọmọ míṣọ́n tí kì í purọ́, gbójú kúrò lára kọ́bọ́ọ̀dù.

“Mi ò mọ ibi tí mo gbé e sí, mà,” ó wí, ó sì fa àga fún un. “Ẹ jókòó, kí n máa wá a.”