Lẹ́tà Kan Nínú Jíìnì Ẹ̀fọ́

Amọ̀ọ́tán ni wọ́n ń pe ọ̀gá yàrá ìwádìí ewéko kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó àbúrò rẹ̀, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ níbẹ̀, kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè é, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́, àmọ́ nínú ọkàn rẹ̀, àgbá òfìfo ló ka ọkùnrin náà sí.

Nígbà tí Amọ̀ọ́tán fẹ́ mú jíìnì kan, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá tí a fi lẹ́tà kọ, láti inú ewé ẹ̀fọ́, kó fi í sínú ewé tábà, obìnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe sùúrù. Lẹ́tà kan ò tọ́ nínú jíìnì yìí. Bí ẹ̀fọ́ bá ti dà á kọ sínú RNA, tí í ṣe ẹ̀dà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, purotéènì kan wà tó mọ ibẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí lẹ́tà C di U. Tábà ò ní irú purotéènì yẹn."

Ọ̀gá mirí. "Ìyàwó wa, ohun tá a bá kọ la ó kà. Jíìnì kì í ṣe ọmọ iléèwé tí tíṣà ń bá tún iṣẹ́ ṣe."

Obìnrin náà ò tún bá a jiyàn. Ta ló ń fi omi wẹ òkúta kó lè rọ̀?

Tábà hù, àmọ́ ewé rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Amọ̀ọ́tán bú iná, ó bú omi, ó bú iyẹ̀pẹ̀. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó yọ́ wá bá ìyàwó àbúrò rẹ̀ nídìí tábìlì.

"Ìyàwó wa, kí la máa ṣe sí i?"

"Ẹ fọwọ́ ara yín fi T sípò C nínú jíìnì náà, kẹ́ ẹ tó fi í sínú tábà. T inú jíìnì ló ń di U nínú RNA."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ewé sì tutù yọ̀yọ̀. Níbi ìpàdé àwọn onímọ̀, ó bọ́ síwájú, ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ lòun ti fura sí lẹ́tà yẹn. Gbogbo gbọ̀ngán pàtẹ́wọ́.

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ dìde. "Ọ̀gá, purotéènì wo ló ń ṣe àtúnṣe náà nínú ẹ̀fọ́, báwo ló sì ṣe ń dá ibẹ̀ mọ̀?"

Amọ̀ọ́tán húkọ́. Ó wo àwòrán tó wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wá ń wo obìnrin náà bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Ìyẹn ti jókòó, ó ń wá nǹkan nínú báàgì.

Ọkọ rẹ̀, tó jókòó tì í, rọra fọwọ́ tọ́ ọ. "Ṣé o ò lè gba ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ ni?"

"Mo ti gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan," ló fi dá a lóhùn, kò sì gbójú sókè.