Báàgì Kan Péré

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun mọ ìrìn àjò jù mí lọ, kó wá wí i lójú mi. Ilé-iṣẹ́ oògùn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ kì í jẹ́ kí n jókòó: òní Ṣakí, ọ̀la Ògbómọ̀ṣọ́. Báàgì kan péré ni mo sì máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Baṣọ̀run ń pè mí ní Ọ̀gbẹ́ni Báàgì Kan, ó sì ń dùn mọ́ mi nínú.

Ìdí nìyẹn tí Akínbíyìí, olórí àwọn ọ̀dọ́, fi ní kí n wá kọ́ àwọn ọmọ tó ń lọ sí àgọ́ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn ti sú u. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan gbé fáànù dání wọ inú igbó.

Lẹ́yìn ìsìn, mo tú báàgì mi sórí tábìlì. Ṣẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò, bàtà, aṣọ ìbora, tọ́ọ̀ṣì, abọ́, aṣọ òjò: ẹrù ń jáde, àwọn ọmọ ń pariwo, èmi náà ń yangàn. Ìgbà tó kan kíkó wọn padà lọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Mo tì í, mo fi ìgùnpá tẹ̀ ẹ́. Ìdajì ẹrù ṣì wà níta. Òógùn bò mí, torí orúkọ mi ló wà lórí tábìlì yẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé n kò di báàgì náà fúnra mi rí? Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń bá a láàárọ̀, ní dídì.

Láwùmí, ìyàwó mi, dìde láàárín àwọn ìyá. Kò tilẹ̀ wò mí. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì mọ́ inú ṣòkòtò, ó ki tọ́ọ̀ṣì bọ inú bàtà, ó tẹ aṣọ ìbora títí afẹ́fẹ́ fi tán lára rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń yára bí ọwọ́ onídìrí. Háà! Ẹnu yà mí débi pé ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Obìnrin tí mo ń bá sùn, tí mo ń bá jí, ta ló kọ́ ọ níyẹn? Nígbà tó fa síìpù, àyè ṣì kù nínú báàgì.

"Ẹ̀yin gan-an lọ̀gá, Mà!" ni Akínbíyìí ké. "Ibo lẹ ò tíì rìn dé láyé yìí?"

Láwùmí rẹ́rìn-ín músẹ́. "Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, ibi tó jìnnà jù tí mo sùn ni Àpáta, nínú ìlú yìí náà, nílé ẹ̀gbọ́n mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Akínbíyìí rọra ní, "Ẹ bá wa lọ sí àgọ́, Mà. Ẹ jọ̀ọ́."

Ojú mi ni Láwùmí ń wò, bí ọmọ tó ń retí ẹran lọ́wọ́ àgbà. Ìtìjú gbá mi mú, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo tún ṣí síìpù náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí yọ ṣẹ́ẹ̀tì mi jáde.

"Lọ kó aṣọ tìrẹ wá," ni mo wí fún un.