Wáyà Abẹ́ Kọ́tìnì

Fọláwùnmí ti kígbe "Jésù!" tán kó tó rántí pé ìyá ọkọ òun wà nínú yàrá. Kíá ló fọwọ́ bo ẹnu. Ètò tó fi ń gba ohùn sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ní pálọ̀ rẹ̀ l'Ókè-Ìlá ti dúró gbagidi. Kò lọ, kò bọ̀, kò sì jẹ́ kó tọ́jú ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà.

Ohun tó gbà náà ló ń já a láyà. Bàbá Olúgbádé, ẹ̀gbọ́n Màmá ìyá ọkọ rẹ̀, ló ti Ìjàn wá láàárọ̀. Àgbà ọkùnrin gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bí olè, wọ́n sì ki oríkì àbúrò wọn sílẹ̀, kí Fọláwùnmí lè fi ya Màmá lẹ́nu níbi ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí wọn. Wọ́n kì í, wọ́n húkọ́, wọ́n tún kì í, títí ohùn fi há. "Ó tán lọ́wọ́ mi o," ni wọ́n wí bí wọ́n ṣe ń lọ. "Ẹ má tún ránṣẹ́ pè mí, mo ń lọ ulé mi." Tí kọ̀ǹpútà yìí bá kú, ó parí nìyẹn. Iná ò sì sí, bátìrì ń lọ sílẹ̀.

Ó fi fóònù pe Qowiyy, ọmọ Àláájì kan, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí Ọjà Ọba.

"Àǹtí, ṣé àpótí ohùn méjì, èyí tí ohùn ń gbà wọlé tó ń gbà jáde, lẹ so mọ́ ọn?"

"Tuntun ni mo fi gba ohùn. Ti àtijọ́ náà wà níbẹ̀, kí ló ṣe?"

"Wàhálà dé! Dráífà ti àtijọ́, ìyẹn ètò tó ń darí rẹ̀, wà nínú kánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọkàn kọ̀ǹpútà gan-an, ó ń bá ti tuntun jà. Ẹ má pa ẹ̀rọ o. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ yìí náà la máa lé e jáde. Ẹ ṣí Tẹ́mínà, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, ẹ tẹ sudo kextunload, kí ẹ wá kọ orúkọ dráífà tí mo fi ránṣẹ́ sí yín tẹ̀lé e."

Ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Ó ń tẹ̀, nǹkan kan ò hàn.

"Qowiyy, kíbọ́ọ̀dù ti kú!"

"Kò kú mà. Ó ń gbọ́, kò kàn fẹ́ kí aládùúgbò rí i ni."

Èsì jáde: kò ṣeé lé, nítorí wọ́n ń lò ó lọ́wọ́.

"Ta ló ń lò ó?" ni Qowiyy béèrè.

"Ta ni ìbá tún máa lò ó? Èmi nìkan ni mo..." Ojú rẹ̀ bá tẹ̀lé wáyà tó ti ara àpótí àtijọ́ jáde, tó gba abẹ́ kọ́tìnì wọ yàrá. Yéè! Àfọwọ́fà ni! Òun fúnra rẹ̀ ló ki íápíìsì bọ Màmá létí, tó ṣí àdúrà rósárì orí kọ̀ǹpútà fún wọn, kí wọ́n má baà gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n wọn.

"Ẹ yọ ọ́ létí wọn."

"Ìwọ wá yọ ọ́! Ṣé ìyàwó ilé ló máa já rósárì gbà létí ìyá ọkọ?"

"Èmi kẹ̀? Mùsùlùmí ni mí o," ni Qowiyy wí, ó bú sẹ́rìn-ín.

Fọláwùnmí wọ yàrá, ó kúnlẹ̀. Màmá dijú, ìlẹ̀kẹ̀ rósárì lọ́wọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà." Màmá na ìka kan sókè pé kó dúró. Ó dúró. Ó fọwọ́ kan orúnkún wọn. Ìka tún gòkè. Ní pálọ̀, kọ̀ǹpútà ń ké pé bátìrì fẹ́ tán. Àṣírí tó bá fẹ́ tú, kó tú!

"Màmá, ohùn Bàbá Ìjàn fẹ́ sọnù o!"

Màmá fò dìde. Wáyà fa àpótí àtijọ́ já kúrò lára kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì pariwo láti pálọ̀: "Ìyàwó burúkú, òní ni ọkọ á lé ọ jáde!" Rósárì ti parí tipẹ́, eré tíátà ló tẹ̀lé e létí Màmá.

"Mo ń dúró kí àdúrà padà dé ni," ni Màmá wí. Wọn ò wo ojú ìyàwó wọn.

Fọláwùnmí sáré pa eré náà, ó tún àṣẹ yẹn tẹ̀.

"Kò sọ nǹkan kan o!"

"Ó ti jáde nìyẹn. Ẹ tètè tọ́jú ohùn yín!"

Ó tọ́jú rẹ̀. Ó ṣí i kó lè dá a lójú. Ohùn Bàbá Olúgbádé jáde, ó há, ó le: "Àyọ̀kẹ́!"

Kò sẹ́ni tó tó pe Màmá lórúkọ yẹn nínú ilé yìí. Màmá tí gbogbo ilé ń kúnlẹ̀ fún gbé ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ká aṣọ mọ́ra, wọ́n sì kúnlẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi rèé o," ni wọ́n ń wí, tomijé tomijé. Wọn ò dìde títí bátìrì fi kú.