Omi Tí Mo Fún Àgbò

Láti àná ni àgbò ìjà mi kò ti tọ̀ mọ́. Ó ń tiraka, ó ń ké, inú rẹ̀ sì ti le. Dókítà ẹran ní òkúta ló dí ojú ìtọ̀ rẹ̀. Bí a kò bá là á lónìí, àpò ìtọ̀ á bẹ́.

Ọmọ́ṣaléwá ni dókítà náà. Bàbá rẹ̀ ni rẹfirí tó sọ pé àgbò mi sá ní pápá Bàrígà, tó gbé ife fún ẹlòmíì. Àgbò mi kò sá. Láti ọjọ́ náà, n kì í jẹ nǹkan ilé wọn.

Ọmọ́ṣaléwá ti kìlọ̀ pé ẹran náà kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu. Ṣùgbọ́n ní ilé wa, ẹran tó máa rí ọ̀bẹ kì í gbẹ lọ́fun. Mo gbé omi fún un, mo sì bu èèrí àgbàdo tì í.

Nígbà tí Ọmọ́ṣaléwá dé àgbàlá wa ní Bajulaiye, ó fa oògùn oorun sínú abẹ́rẹ́.

“Bàbá Fuad, kò jẹ nǹkan kan, àbí?”

Ṣé ọmọ rẹfirí yẹn ni n óò wá jẹ́wọ́ fún? Ẹnu abẹ́rẹ́ kan ọrùn ẹran.

“Dúró!” ni mo ké. “Ó ti jẹ. Ó ti mu.”

Hàmdálàt, ìyàwó mi, pòṣé. “Orí kunkun!”

Ọmọ́ṣaléwá fa ọwọ́ sẹ́yìn. “Tó bá sùn báyìí, oúnjẹ lè padà wá há a lọ́fun. A ò sì lè dúró. Ibi tí mo fẹ́ là nìkan ni màá fi oògùn pa kú. Màá wá fi abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà mú ara ẹ̀ balẹ̀.”

Ó yọ wọ́n jáde, wọ́n tín-ín-rín bí irun.

“Ẹ fẹ́ fi ṣe súyà ni?” Hàmdálàt bi í.

“Wọ́n gún un fún mọ́mì mi náà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún, kí wọ́n má baà máa bì. Kì í ṣe idán o. Tó bá mira, ọ̀bẹ lè ṣìnà.”

Ó fi oògùn pa ibi tó fẹ́ là kú, ó wá fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín náà gún un lẹ́yìn, ó gún un nídìí etí. Mo di ìwo mú, Hàmdálàt di ẹsẹ̀ mú. Ọ̀bẹ wọlé. Ara àgbò gbọ̀n. Mo fẹnu sí i létí, mo ń pè é jẹ́jẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì: ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Ọmọ́ṣaléwá ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú àpò ìtọ̀. Ìtọ̀ pupa tú jáde, ó gbóná sí mi lára ṣòkòtò.

“Ó ti tọ̀!” Hàmdálàt pariwo.

“Ẹ má tíì fi sílẹ̀ o, Bàbá Fuad. Mo ṣì fẹ́ rán an.”

Mo di ìwo náà mú ṣinṣin.