Íǹṣì Kan Tó Lé

Téèpù ìwọ̀n ni ìyàwó Awọ̀nmátàsé káfíńtà kọ́kọ́ jù lù ú. Ìgò ló tẹ̀ lé e. Téèpù bà á léjìká. Ìgò gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, ó lọ fọ́ sára tábìlì tí oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà, tábìlì tó kọ̀ tí kò gba ẹnu ọ̀nà onílé wọlé.

"Mélòó lo mu láàárọ̀ yìí?"

"Ẹyọ kan."

"Ẹyọ kan lánàá, ẹyọ kan níjẹta. Ọmọ ẹ tó wà ní kíláàsì kejì mọ ìṣirò jù ẹ́ lọ."

Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin yìí ti ń pè é ní "ẹ̀yin". "Ìwọ" tó ń pè é lónìí dùn ún ju téèpù lọ. Obìnrin náà fi ìwé pélébé kan sórí pákó tó ń fá lọ́wọ́.

"Aago mẹ́rin. Àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí ló ń pàdé níbi tí wọ́n kọ sínú ìwé yìí. Tí o ò bá lọ, má wulẹ̀ wálé wá wò wá. Èmi àti ọmọ á ti wà nílé ẹ̀gbọ́n mi."

Ó jáde. Káfíńtà mú téèpù nílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnu téèpù náà ti kán, nítorí náà, ibi oókan ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, á wá yọ oókan kúrò níkẹyìn. "Ẹni tó mọṣẹ́ ní í lo irú ẹ̀," bẹ́ẹ̀ ló máa ń fi yangàn fáwọn oníbàárà. Ó tún tábìlì náà wọ̀n. Kò yọ oókan. Ó ta tábìlì nípàá, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fara gbá a.

Ó ń tiro lọ ní títì. Inú ń bí i sí ìyàwó rẹ̀, sí oòrùn, sí ajá kan tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó yà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ láti béèrè ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi. Ó ń wá àwọn kan... àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí."

Onígbàjámọ̀ wò ó nínú dígí, kò dáwọ́ orí tó ń fá dúró. "Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín. Ṣé ọwọ́ tiwọn náà máa ń gbọ̀n báyẹn?"

Káfíńtà ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

"Ẹ yà sọ́tùn-ún. Ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í padé ni. Ó dájú pé ẹni tó kàn án ti mu yó kẹ́ri."

"Irú wọn ló ń bà wá lórúkọ jẹ́," ni Awọ̀nmátàsé wí, tinútinú sì ni. Ó yà sọ́tùn-ún.

Ó dúró gbagidi. Wọ́n ti kun ilé náà ní ọ̀dà mìíràn, ṣùgbọ́n ta ni yóò júwe rẹ̀ fún un? Ibẹ̀ ni Rọ-ọ́-kún ti ń ta ọtí tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi mu níbẹ̀. Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu yẹn, òun ló kàn án, pẹ̀lú ife lọ́wọ́ kan. Ìyàwó òun wá ń fi òun ṣẹ̀sín. Ilé ọtí ló ní kí òun ti lọ jáwọ́ nínú ọtí. Ó wọlé láti lọ jà.

Èèyàn mẹ́fà ló jókòó lórí àga rọ́bà. Kò sí ìgò kankan. Ẹni tó dúró nídìí káńtà, tó ń fi fúláàsì rọ tíì sínú ife títí dé etí, Rọ-ọ́-kún fúnra rẹ̀ ni.

"Ìwọ," ni káfíńtà wí, ó nàka sí i. "Ìwọ tí o rọ ọ́ kún fún mi lọ́dún mẹ́fà gbáko. Ìwọ lo wá di oníṣègùn. Ẹni tó tiná bọ òrùlé ló wá ń polówó omi."

Rọ-ọ́-kún gbé fúláàsì kalẹ̀. "Òótọ́ lo sọ. Èyí tí ẹ bá ṣẹ́kù sínú ife lálaalẹ́, ta lo rò pé ó ń mu ún?"

Ìbínú káfíńtà kò rí ògiri fẹ̀yìn tì mọ́. Ó yí padà. Ó fẹ́ pa ilẹ̀kùn náà dé gbàgà kí gbogbo àdúgbò gbọ́. Ó fà á. Ilẹ̀kùn gbá férémù, ó sì padà wá gbá a léjìká, ibi tí téèpù ti bà láàárọ̀. Ó tún fà á. Ó tún padà.

"Má yọ ara ẹ lẹ́nu, ọmọ mi," ni tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì wí láti orí àga rẹ̀. "Gbogbo wa la ti fìbínú fà á rí. Kì í padé."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn bá a rín in.

Awọ̀nmátàsé yọ téèpù lápò. Ó wọn ilẹ̀kùn, ó wọn férémù. Íǹṣì kan ló fi lé, géérégé, oókan tí kò rántí yọ lọ́jọ́ tó kàn án. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé ilé yìí ni igbá òun ń bọ̀?

"Màá fá a," ló sọ. "Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ mú irinṣẹ́ wá."

"Irinṣẹ́ ò ní sá lọ," ni Rọ-ọ́-kún fèsì. "Jókòó."

Ó jókòó. Wọ́n gbé tíì lé e lọ́wọ́. Ó dà sí i lẹ́sẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó.

"Ìgbà wo lo mu ún kẹ́yìn?" ni Rọ-ọ́-kún bi í.

"Àná. Ẹyọ kan."

Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Atẹ́gùn ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kan férémù, ó padà. Téèpù ṣì wà ní ṣíṣí lórí itan rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kíkán kọjú sí i.

"Rárá," ni káfíńtà wí. "Láàárọ̀ yìí ni. Mẹ́ta ni." Ó gbé ife sílẹ̀. "Mẹ́rin."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti àárọ̀ tó wọn ara rẹ̀ tí kò tàsé.