Fọ́tò Àyà Jùbrílù

Ohun tí Dókítà Ọmọ́tọ́ṣọ́ béèrè kò ju fọ́tò àyà kan lọ, ṣùgbọ́n lójú Jùbrílù, àfi bíi pé wọ́n ní kó lọ mú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn wá.

Panápaná ni Jùbrílù Ògúnníyì. Láti ọdún 1966 tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́ títí di ọdún 1983 yìí, kò sí iná ńlá kan ní Abẹ́òkúta tí kò wọ̀. Ó wọ iná ilé ìlagi, ó wọ iná ọkọ̀ epo, ó wọ iná ṣọ́ọ̀bù tí àwọn aláró ń kó sódà sí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ẹni tó máa kọ́kọ́ wọlé á rẹ táwẹ̀lì sínú omi, á so ó mọ́ imú, á wá máa fàyà wọ́ lọ nísàlẹ̀ níbi tí èéfín kò tíì dí. Jùbrílù ni wọ́n máa ń tì síwájú, nítorí ó tínrín, ó sì lè séèémí ju gbogbo wọn lọ. Ní báyìí, kò lè ti Òwu rìn dé Ṣàpọ́n kó má jókòó sinmi ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Òfin wà pé bó bá jẹ́ iṣẹ́ ló kó àìsàn ran òṣìṣẹ́, ìjọba ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ kò sì ní dúró. Ṣùgbọ́n bí àìsàn náà bá ti wà lára rẹ̀ kó tó wọṣẹ́, yóò kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní bárékè lópin oṣù, ó di ilé. Èwo ni ti Jùbrílù nínú méjèèjì? Ohun tí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta jókòó lé lórí nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Ládépọ̀, ọ̀kan nínú wọn, tó máa ń wo èèyàn láti òkè awò ojú rẹ̀, ti rí nǹkan nínú fáìlì.

“O fọ́ òkúta fún ọdún mẹ́ta kó o tó di panápaná.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ta ló wá mọ̀ bóyá eruku òkúta ló ń bá ọ jà?”

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Jùbrílù fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Dókítà Ọmọ́tọ́ṣọ́, alága wọn, ló bá ní, “Wọ́n ya fọ́tò àyà yín lọ́jọ́ tí wọ́n gbà yín síṣẹ́. Ẹ lọ wá a wá. Bí àyà yín bá mọ́ nígbà náà, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá mọ́, ọ̀rọ̀ parí náà. Ọjọ́ Àlàmísì la ó tún jókòó.”

Akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì ní ilé ìwòsàn kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní fíìmù fọ́tò àyà tó bá ti lé lọ́dún mẹ́wàá, àwọn kì í fi í sílé mọ́. Ó ní bàbá kan tó ń jẹ́ Láwàlì, tó ń gé pátánì fáwọn aláró ní Òwu, ló máa ń wá kó wọn.

Sàfúrátù, ìyàwó Jùbrílù, pàtẹ́wọ́. Aláró ni òun alára. Ọ̀dọ̀ Láwàlì ló ti ń ra pátánì, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tí wọ́n gé iṣẹ́ ọnà sí lára, tí wọ́n máa ń gbé lé aṣọ kí wọ́n tó fi ẹ̀kọ pa á, kí aró má baà wọ ibi tí ẹ̀kọ bá dé.

“Mo mọ̀ pé ọsibítù ló ti ń rí ike yẹn,” ni ó wí. “N ò mọ̀ pé àyà èèyàn ni.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n bá Láwàlì lábẹ́ òrùlé páànù tó ta síwájú ilé rẹ̀. Bàbá arúgbó ni, àpá ọ̀bẹ sì kún gbogbo ìka rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.”

“Oo. Ìyá Bùsírátù, ṣé o tún ti fa èyí tí mo gé fún ọ lóṣù tó kọjá ya ni? Ọwọ́ rẹ yẹn le ju ti alápatà lọ.”

“Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ọkọ mi nìyí. Àyà rẹ̀ la wá gbà.”

Láwàlì wo Jùbrílù láti òkè délẹ̀. “Ó jọ pé ó ṣì wà lára rẹ̀.”

“Ti àtijọ́ ni,” ni Jùbrílù wí, ni ikọ́ bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ikọ́ náà fi máa dá, ẹ̀rín ti kúrò lójú Láwàlì. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan. Fíìmù ló wà níbẹ̀, ìdì lórí ìdì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà.

Wọ́n kọ orúkọ sí igun òkè fíìmù kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà funfun wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé kà àfi kéèyàn gbé e dojú kọ oòrùn. Wọ́n bá kó wọn bọ́ sí àárín àgbàlá, wọ́n ń gbé wọn sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Jùbrílù ti rí ohun tó pọ̀ láyé. Ó ti rí òrùlé tó yọ́ bí òrí. Ṣùgbọ́n kò tíì rí irú èyí rí. Egungun ìhà àwọn èèyàn tò tẹ̀lé ara wọn bí igi àjà, ọkàn wọn sì fì sí apá òsì, ti gbogbo wọn, bí ẹni pé ẹnì kan pè wọ́n láti ibẹ̀. Àyà ọmọ ọwọ́ kan wà tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ. Obìnrin kan wà tó gbé kọ́bọ̀ mì, kọ́bọ̀ náà ń tàn lọ́rùn rẹ̀ bí òṣùpá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àárín ìhà wọn ní àwọ̀ eérú, àwọn mìíràn funfun bí ìkùukùu. Wọ́n kan Alájì Sàlàhúdíìnì tó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta nígbà ayé rẹ̀, wọ́n kan ẹnì kan tí kò ní ju Sìdíkàt lọ lórúkọ, ìhà kan kò sì yàtọ̀ sí èkejì. Bí oòrùn ṣe ń gba inú wọn kọjá, òjìji egungun wọn ń bọ́ sára búbá Sàfúrátù, ó ń wọ́ lọ, òmíràn ń bọ́ síbẹ̀.

“Ìdajì Abẹ́òkúta ló wà nínú yàrá mi yìí,” ni Láwàlì wí.

Sàfúrátù rẹ ohùn sílẹ̀. “Àwọn wọ̀nyí ni mo ti ń tẹ ẹ̀kọ gba inú wọn kọjá láti ọjọ́ yìí?”

Wọ́n kírun Àsárì tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni Jùbrílù gbé ọ̀kan sókè tí kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́. Ògúnníyì J., 1966. Láwàlì ti gé ẹyẹ méjì sí ìsàlẹ̀ ìhà ọ̀tún kó tó pa á tì.

Sàfúrátù bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú Jùbrílù kò kúrò lórí fíìmù náà. Nínú gbogbo àyà tí wọ́n wò lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tó dúdú tó o. Láti òkè títí dé ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún, lápá òsì, ó dúdú kirikiri bí àjà ilé ìdáná.

“Ó ti parí fún mi,” ni ó wí. “Ẹ wò ó. Inú mi ti kún kí n tó rí iná ẹyọ kan. Ọ̀gbẹ́ni Ládépọ̀ mọ ohun tó ń sọ.”

“Ṣé dókítà ni yín?” ni Sàfúrátù bi í.

“Mo mọ èéfín bí mo bá rí i. Iṣẹ́ mi ni.”

Láwàlì mú ọ̀bẹ rẹ̀ nílẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹyẹ méjì ló wà níbẹ̀. Kí ẹ tó mumi tán, ogún ẹyẹ ni yóò wà níbẹ̀, àyà ẹnikẹ́ni kò sì ní sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ lọ sọ fún wọn pé ẹ wá a, ẹ ò rí i. Wọ́n lè ṣàánú yín.”

Jùbrílù wo ìyàwó rẹ̀. Ilẹ̀ ni Sàfúrátù ń wò. “Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ ṣe, Bàbá Bùsírátù. Yàrá kan ṣì wà nílé bàbá mi.”

Jùbrílù tún gbé fíìmù náà sókè. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni ọkùnrin tó wà níbẹ̀. Ó rántí pátákó tútù tí wọ́n ní kó fi àyà tì, àti ohùn tó ní kó fa èémí sínú, kó má mí. Ó séèémí bí wọ́n ṣe wí, kò mọ nǹkan kan nípa ohun tó ń bọ̀. Bí Jùbrílù bá wọ ilé tó ń jó, kì í bi ẹni tó bá níbẹ̀ bóyá ara rẹ̀ le kó tó gbé e jáde. Báwo ni yóò ṣe wá fi ọmọkùnrin yìí sílẹ̀?

“Ẹ bá mi fi nǹkan wé e, bàbá. Mo ń gbé e lọ.”

“Orí rẹ le o, panápaná.” Ṣùgbọ́n Láwàlì wá páálí, ó fi wé e, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi gbé e lé e lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, Dókítà Ọmọ́tọ́ṣọ́ tan iná sínú àpótí gíláàsì tó wà lára ògiri, ó kọ́ fíìmù méjì síbẹ̀, ti àtijọ́ lápá òsì, ti oṣù tó kọjá lápá ọ̀tún. Jùbrílù kò tíì rí ti oṣù tó kọjá rí. Ó funfun yípo bí kùrukùru ọyẹ́ lórí odò Ògùn. Kò yé e rárá. Àyà tó gbé wọṣẹ́ ló dúdú, èyí tó fẹ́ gbé jáde ló funfun? Ó yára sọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́.

“Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi wí i. Mo ti rí i pé èéfín wà níbẹ̀ kí ẹ tó gbà mí. N ò mọ̀ nígbà náà. N ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni.”

Dókítà yíjú padà. “Èéfín wo?”

“Dúdú yẹn, sà.”

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó di apá Jùbrílù mú, ó fà á sún mọ́ gíláàsì náà títí ìmọ́lẹ̀ fi bà á lójú.

“Ẹ wò ó dáadáa. Ohun kan bí ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń tàn gba inú ara kọjá. Ibi tí nǹkan bá dí i, ibẹ̀ ló máa ń funfun. Egungun dí i, ẹ rí i pé egungun funfun. Ibi tí kò bá sí ìdíwọ́ ló máa ń dúdú. Dúdú tí ẹ̀ ń wò yìí, atẹ́gùn ni. Atẹ́gùn lásán ni, láti òkè délẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń wo fọ́tò àyà, n ò rántí ìgbà tí mo rí èyí tó mọ́ tó yìí.”

Ọ̀gbẹ́ni Ládépọ̀ dìde nídìí tábìlì. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan gíláàsì. “Kò wá sí eruku òkúta níbẹ̀?”

“Bí ẹ bá rí i, ẹ fi hàn mí.”

Ọ̀gbẹ́ni Ládépọ̀ wá a pẹ́. “Ẹyẹ méjì ni mo rí,” ni ó wí nígbẹ̀yìn.

“Àwọn aláró ló ni ìyẹn, sà,” ni Jùbrílù wí.

Ó wá yíjú sí fíìmù kejì. Ṣé funfun yìí wá ni èéfín? Ó ń wò ó, àwọn ilé tó ti wọ̀ sì ń padà wá bá a. Igun yìí lè jẹ́ ilé ìlagi. Èyí tó nípọn nísàlẹ̀ yìí lè jẹ́ ṣọ́ọ̀bù sódà, níbi tó ti gbé ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ jáde. Gbogbo iná wọ̀nyẹn ni wọ́n ti pa, òjò ti fọ eérú wọn lọ, àwọn èèyàn ti kọ́lé mìíràn síbẹ̀. Inú òun nìkan ni wọ́n ṣẹ́ kù sí. Ó gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀ bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn ilé onílé.

Ọ̀gbẹ́ni Ládépọ̀ ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé. Àwọn méjì tó kù tẹ̀lé e.

“A ò lè sọ funfun yìí di dúdú mọ́,” ni Dókítà wí fún un. “N kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan kọ́ ni yóò máa gbé e mọ́. Kí àwọn panápaná tó kù náà wá ya tiwọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni fíìmù wọn yóò wà.”

Sàfúrátù, tó ti ń dúró dè é níta, dìde lórí àtẹ̀gùn nígbà tó rí i. “Kí ni wọ́n wí?”

Jùbrílù jókòó sí ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti dìde. “Wọ́n ní iná ni. Wọ́n ti fọwọ́ sí i.”

Sàfúrátù ní “Àlùhámúdù lílàáì”, ó tún wí i, ó sì jókòó tì í.

“Ìyá Bùsírátù, dúdú yẹn, atẹ́gùn ni. Gbogbo rẹ̀ pátá. Gbogbo atẹ́gùn yẹn ni mo ń gbé kiri ìlú yìí, n ò mọ̀. Bí wọ́n bá ní kó o wá wò ó, wàá—”

“Mo gbọ́. Ẹ má tíì sọ̀rọ̀,” ni ó wí, ó sì gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. “Ẹ mí ná.”

Jùbrílù fà á sínú díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n tó lè gbà, ó sì rọra jẹ́ kó jáde.