Bí Wọ́n Ṣe Gbé Mi Kọ́ Ògiri ní Melbourne

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, ẹ̀yin ènìyàn mi, lórí àga, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja létè. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àlá ọ̀sán náà àlá ni, ẹni tó bá sì ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin kì í yan ìgbà tí oorun máa gbé e.

Ẹ mọ̀ pé Melbourne ni mo wà báyìí, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, lọ́dọ̀ Ìbùkún ọmọ ọmọ mi tó bí obìnrin. Mọ́rẹ́nikẹ́ ni a sọ ọmọ náà. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ìwẹ̀ rẹ̀, kì í yẹ̀. Màá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ra á lórí, màá fi òrí pa á lára, màá na apá, màá na ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n ní nínà yẹn kò pọn dandan. Mo ní ó dára, ẹ ṣeun. Mo dúró títí ó fi lọ.

Lówùúrọ̀ àná ni Ìbùkún mú mi lọ sí ilé àwòrán méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti ohun ìgbàlódé. Mo rí fìríìjì níbẹ̀ tí bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Èkejì jẹ́ ti àwọn tó ni ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé. Wọ́n fi ọ̀dà to àmì kéékèèké sára aṣọ, ẹ̀kán-ẹ̀kán, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sórí erùpẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin kan kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ kó tó jẹ́ ká wọlé. Ìbùkún túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ó ní, "Màmá àgbà, àwọn ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ń kí." Mo di báàgì mi mú gírígírí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú àwọn tí à ń pè ní ọmọ onílẹ̀ nílé. Ìbùkún rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ògiri.

A padà délé, a jẹun, mo jókòó. Àlá kì í sọ fún ènìyàn pé òun ti dé. Mo kàn rí i pé ọkọ̀ ojú irin ìgboro tún ń gbé mi padà lọ sí ilé àwòrán, èmi nìkan. Nígbà tí a dé, ọkọ̀ náà kúnlẹ̀ kí n lè sọ̀.

Ó ní, "Ẹ rọra o, Màmá. Orúnkún yín ńkọ́?"

Mo ní, "Ó sàn díẹ̀. Tìrẹ ńkọ́?"

Ó ní, "Irin ni, òtútù ló máa ń dà á láàmú."

Mo ní kó máa fi òrí pa á. Ó dúpẹ́, ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó so táì, irùngbọ̀n rẹ̀ rí ṣóńṣó. Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n ó ń sọ Èkìtì bí ẹni tí wọ́n bí sí ẹ̀yìnkùlé wa. Kò yà mí lẹ́nu.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ṣé awòran ni yín ni, àbí àwòrán?"

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Awòran ni ẹni tó wá wò. Àwòrán ni ohun tí wọ́n ń wò. Ohùn díẹ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ òtútù ìlú yìí sì ti há mi lọ́fun láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ sọ pé awòran ni mí. Ikọ́ gbé ohùn mi lọ síbòmíràn. Ohun tó jáde ni, "Àwòrán ni mí."

Ó ní, "A dúpẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí a ti ń retí yín." Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ mi níwájú orí. Kí n tó ṣẹ́jú, mo ti wà lókè ògiri, wọ́n ti fi ìdí gèlè mi kọ́ ìṣó.

Ká sọ òótọ́, ibẹ̀ kò burú. Atẹ́gùn ń fẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí n wá nǹkan ṣe. Tọkọtaya kan wá dúró níwájú mi, wọ́n tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọkọ ní, "Ìdánìkanwà ló ń sọ."

Mo ní, "Ta ló dá wà? Ọmọ mẹ́fà ni mo bí."

Ìyàwó ní, "Ṣé o rí i bó ṣe dákẹ́ rọ́rọ́?"

Wọ́n bá tiwọn lọ. Àga kan wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi, wọ́n fi okùn pupa yí i ká kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó lé e. Mo kí i.

Ó ní, "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, Màmá. Iṣẹ́ ọnà ni mí."

Mo ní, "Àga ni ẹ́."

 Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti pè mí lórúkọ mi gbẹ̀yìn." Inú rẹ̀ dùn sí mi láti ìgbà náà lọ, òun ló sì là mí lóye. Ó ní bí aago márùn-ún bá lù, ohunkóhun tó bá wà lára ògiri di ti ilé náà títí láé.

Mo ní, "Aago márùn-ún kẹ̀! Ta ni yóò wẹ ọmọ mi?"

Ó ní, "Ẹ̀yin kọ́ o."

 Mo rí Mọ́rẹ́nikẹ́ lójú inú mi, tí ó dàgbà, tí ìyá rẹ̀ mú un wá sí ìsàlẹ̀ ògiri yìí, tí wọ́n ní, "Wò ó, Màmá àgbà rẹ nìyẹn." Yóò tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi kò ní lè na ọwọ́ kàn án.

Mo bi àga léèrè ohun tí wọ́n kọ sínú bébà tó wà lábẹ́ mi. Orúkọ mi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kà dáadáa, mo sì ti wo bébà yẹn títí, n kò rí i níbẹ̀. Àga kà á pé: "Ìyá arúgbó. Aṣọ, egungun, àti ọbẹ̀ ẹja. Ẹni tó ṣe é: a kò mọ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, inú bí mi ju ti ìṣó lọ. Ẹni tó ṣe mí, a kò mọ̀? Èmi Ibídùnní? Ṣé inú igbó ni wọ́n ti he mí ni?

Mo ní mo fẹ́ rí ọ̀gá wọn. Ògiri dáhùn lẹ́yìn mi, ó ní, "N kò lè sọ̀ yín kalẹ̀, kò sí lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo lè sìn yín dé ọ́fíìsì." Mo ní inú mi dùn. Bí a ṣe gbéra nìyẹn, àga níwájú, ògiri lẹ́yìn, èmi lára ògiri.

A gba yàrá kan kọjá tó di pápá ilẹ̀ pupa. Obìnrin àgbàlagbà kan jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú, irun rẹ̀ funfun, ó ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ to àmì sára aṣọ ńlá kan. Àga sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé onílé nìyẹn, Àǹtí ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹ wo ọ̀rọ̀. Nílé, ẹni tó fi ọdún díẹ̀ ju ni lọ là ń pè ní Àǹtí. Eléyìí dàgbà tó ìyá mi nígbà tó kú.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ilé. Orí ìṣó ni mo wà, ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ kà á sí pé mo ti kúnlẹ̀."

Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ti kà á. Dìde, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ púpọ̀ ló ń gba ibí kọjá, wọn kì í bi ilẹ̀ léèrè ẹni tó ni ín. Kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

Mo ro ẹjọ́ mi. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé a kò mọ̀, ó gbé ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ iṣẹ́ ìyá mi. Àwa mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ là ń pè é. Wọn kò bi wá ni." Ó ká aṣọ rẹ̀, ó gbé e sí èjìká. Ó ní, "Ó yá, ká lọ. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní àwọn tó ṣe ọ́, má fi ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀."

Ọ́fíìsì náà kò sí nílẹ̀. Ó léfòó lókè odò tó gba àárín ìlú kọjá, kò dì mọ́ nǹkan kan, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. A kan ilẹ̀kùn, ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ká lè wọlé. Ẹni tó jókòó nídìí tábìlì ni ọkùnrin ẹnu ọ̀nà yẹn. Aago ògiri wọn ti ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lu márùn-ún.

Mo ní, "Ọ̀gá, àṣìṣe ohùn ni. Awòran ni mí."

Ó ní, "Ohun tí a ti kọ, a ti kọ ọ́. Ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù." Kó tó pe fọ́ọ̀mù tán, etí rẹ̀ gùn, ìwo yọ, ó di òbúkọ pẹ̀lú táì lọ́rùn. Irùngbọ̀n rẹ̀ kò yí padà rárá. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti fura sí irùngbọ̀n yẹn.

Ó ní, "Fọ́ọ̀-ọ̀-ọ̀-mù!"

N kò bá a jà. Mo ti sin ewúrẹ́ fún ogójì ọdún, mo mọ̀ pé a kì í bá òbúkọ ro ẹjọ́. Mo já bébà abẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo nà án sí i, mo pè é bí a ṣe ń pè wọ́n nílé. Ó gbàgbé ipò rẹ̀, ó wá, ó jẹ bébà náà, ó lá ìka mi.

Àǹtí ní, "Bébà ti tán. Ó di dandan kó kọ òmíràn."

Òbúkọ gbé kálámù sáàárín pátákò. Ojú tì í. Ó ní, "Ta ló ṣe yín?"

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní Rẹ̀mílẹ́kún ìyá mi ni, tó pọ̀n mí láti Òkè-Ìmẹ̀sí lọ sí ọsibítù láìwọ bàtà nígbà tí ilẹ̀ gbígbóná bò mí lára. Àǹtí tẹ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi àmì kan síbẹ̀. Mo ní Ìyá Ọ̀jẹ̀, orogún ìyá mi, tó fún mi lọ́mú nígbà tí ìyá mi wà lórí àìsàn, tí ara ilé ń sọ pé yóò fún mi ní májèlé. Àmì kan. Mo ní Tíṣà Fáníyì tó kọ́ mi ní orúkọ mi ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, tí lẹ́tà mi ń kọjú sẹ́yìn lójoojúmọ́, tí kò sì fi mí rẹ́rìn-ín rí. Mo ní ọkọ mi, tó jẹ iyán oníkókó mi fún odindi ọdún kan kí n tó mọ̀ ọ́n gún. Mo ní awakọ̀ lọ́rì kan tó yí orí ọkọ̀ padà lójú ọ̀nà Ìtawùrẹ́ nígbà tí ìrọbí mú mi. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo dúró.

Àǹtí ní, "Èyí gan-an ni à ń pè ní a kò mọ̀. Ó tọ́ sí i." Ó fi àmì tirẹ̀ sí i, ńlá.

Mo ń bá a lọ. Àwọn tó dì mí mú nígbà tí mo sin ọmọ mi. Ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń na ọmọ. Ìbùkún, tó ránṣẹ́ pè mí kọjá òkun kí ọwọ́ mi lè tún ríṣẹ́ ṣe. Bí mo ṣe ń pè wọ́n, inú mi ń tutù, ọ̀fun mi ń là, n kò rántí pé mo wà lórí ìṣó mọ́. Aṣọ Àǹtí kún, ó tẹ́ dé orí tábìlì, ó tẹ́ bo àwọn fèrèsé.

Òbúkọ ju kálámù sílẹ̀. Ó ní, "Ó tó! Bébà wa kò gbà á. Ohun tó ní olúwa tó báyìí, kò lè di tiwa. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Àǹtí na ọwọ́ sókè, ó tú gèlè mi lórí ìṣó, ó gbà mí sílẹ̀ bí ẹni gba ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mo wá kúnlẹ̀ fún un wàyí, ìkúnlẹ̀ gidi. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ilẹ̀ yín kò ní lé yín."

Ó ní, "Ọwọ́ rẹ náà kò ní rọ. Sáré, omi ń tutù."

Aago bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ṣùgbọ́n ohùn Ìbùkún ni aago náà fi ń lù. "Màmá àgbà! Màmá àgbà! Ta ló ṣe èyí?"

Mo la ojú. Mọ́rẹ́nikẹ́ ń sùn lórí itan mi níbi tí ìyá rẹ̀ tẹ́ ẹ sí. Ó ti tọ̀ sí mi láṣọ. Ó tọ̀ ọ́ dáadáa, ó rí róbótó láàárín, ẹ̀kán kéékèèké yí i ká. Ìbùkún dúró tì mí, ó di táwẹ̀lì mú, ó ń wo aṣọ náà.

Mo ní, "Mọ́rẹ́nikẹ́ ló ṣe é. Ẹ má kọ ọ́ pé ẹ kò mọ̀."

Ó ní, "Kí lẹ wí?"

Mo ní, "Gbé omi kaná, ọmọ mi. Aago ti lù."